Ewé tó ń hù lẹ́yìn ilé mi ni mo lọ fowó rà ní Ìtòkú

Náírà 300 ni mo san fún ìdì imí eṣú kan ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ọkọ mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn ilé wa ní Adátán, ó nawọ́ sí ìdí ògiri. Imí eṣú ló hù lọ súà níbẹ̀, ó ti tó orúnkún, ewúrẹ́ ará ilé kejì kì í tilẹ̀ yà sí i. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kí èmi náà máa di tiwa ní ìdì-ìdì, kí n máa gbé e lọ Ìtòkú?" Mo jẹ́ kó rín in tán. Mo wá bi í pé níbo ni omi aró mi máa ń gbà lọ tí mo bá ti da báàfù nù. Ó wo ilẹ̀, ó wo ògiri, ó wọlé lọ wo bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Sódà wà nínú aró tí mo fi ń ṣe àdìrẹ, omi sódà yìí sì ni imí eṣú ẹ̀yìn ilé mi ń mu láti ọdún tí a ti kó dé ibẹ̀. Ti iwájú ilé ńkọ́? Aládùúgbò wa ń fọ́n oògùn apakòríko sí i ní ìgbà méjì lọ́dún. Ìdí tí mo fi ń náwó sórí koríko nìyẹn, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó kù ni bóyá ìsọ̀ ìyá eléwé ọmọ tí mo ti ra á ní Ìtòkú tó ohun tí mò ń pọ́n ọ́n lé. Láti oṣù Èbìbí ni mo ti ń rajà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti lé mi padà lẹ́ẹ̀kan, èmi náà ti bá wọn jà lẹ́ẹ̀kan.

Aládìrẹ ni mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ ọwọ́ bọ aró. Ìyá tó bí ìyá mi ló mọ élú, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi eérú sẹ́ omi rẹ̀. Tèmi, aró inú ike ni, sódà ni, háídírọ́ọ̀sì ni, kí aṣọ tètè mu, kí oníbàárà tètè gbé e lọ. Sódà yìí kò mojú ẹnikẹ́ni. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, àtẹ́lẹwọ́ mi ti sán bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárín ìka mi ń bó, ó sì ń yún mi lóru débi pé ara ẹní ni mo ń ha á mọ́. Mo ra kírímù kan ní ilé oògùn kan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó tù mí lára. Oṣù kejì, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti ń là bíi ti ẹni tó ń bóra, yíyún náà sì padà wá pẹ̀lú èlé.

Ìsọ̀ tí mò ń wí yìí kò ní pátákó. Tí ẹ bá ti ń gba àárín àwọn tó ń ta àdìrẹ kọjá, tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tán, imú yín ni kí ẹ máa tẹ̀lé. Òórùn ẹfinrin ló máa kọ́kọ́ pàdé yín, lẹ́yìn náà èèpo igi tútù, lẹ́yìn náà ohun kan bí òbúkọ tí òjò pa. Òbúkọ yẹn gan-an ni imí eṣú. Àwọn lékuléja wà lápá ọ̀tún, àwọn ló ni orí ọ̀bọ àti alágẹmọ gbígbẹ. Tí ẹ bá ti rí orí ọ̀bọ, ẹ ti kọjá, ẹ rọra padà sẹ́yìn. Agboòrùn ńlá kan tó ti ya lápá kan ló ṣíji bo ọjà Ìyá, orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí, ọmọbìnrin kan sì máa ń bá wọn di ewé. Owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọbìnrin yẹn, ẹ ó sì dúró títí fóònù rẹ̀ yóò fi dún, ìgbà mìíràn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ rà. Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi di imí eṣú, ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi tọ́jú." Wọn ò nawọ́ sí ewé. Ọwọ́ mi ni wọ́n gbà mú. Wọ́n wo àárín ìka, wọ́n gbé e súnmọ́ imú.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Àdìrẹ ni, mà."

"O máa ń wọ ìbọ̀wọ́?"

"Mò ń wọ̀ ọ́, mà."

Wọ́n yí ọwọ́ mi padà, wọ́n tẹ àtàǹpàkò mi. Aró dúdú kirikiri wà lábẹ́ èékánná. "Èékánná rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní ibi tí sódà bá ti jẹ, àwọn ò ní lẹ ewé kankan mọ́ ọn. Kí n máa fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí n lọ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, kí n máa fi òrí pa ọwọ́ lálẹ́. Ohun tí wọ́n tà fún mi lọ́jọ́ náà kò ju òrí náírà 500 lọ. Inú bí mi, ẹ má tàn ara yín. Mo ti wọ máàrúwá, mo ti pa ìsọ̀ mi tì, mo sì ti múra sílẹ̀ láti náwó. Ẹni tó wà nídìí ewé ló wá ń sọ fún mi pé kí n lọ ra rọ́bà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ ìbọ̀wọ́ náà pẹ̀lú ìbínú. Ọwọ́ mi jiná. Àtẹ́lẹwọ́ dí, àárín ìka gbẹ, èyí tó kù kò ju dúdú díẹ̀ ní oríkèé lọ. Ewé kankan kò kan ọwọ́ yìí rárá, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ní imí eṣú ló wo ọwọ́ Ìyá Ìbejì sàn, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n tètè yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi. Eṣú ni, tó ń jẹ oko run, ẹbí tata. Èṣù kọ́ o. Mo dárúkọ ewé yìí níwájú àwọn ẹgbẹ́ ìyá lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò mí. Àmì ohùn ni gbogbo ìjà yẹn. Ewé náà fúnra rẹ̀ kò ga ju mítà kan lọ, irun wẹ́wẹ́ wà lára ewé àti igi rẹ̀, etí ewé rí bí ẹnu ayùn tó ti kú. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, wọ́n ṣù jọ lórí bí òwú tí a fọwọ́ ya. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ẹ wo aró tó kù nísàlẹ̀ báàfù lẹ́yìn tí ẹ ti rẹ aṣọ kẹwàá, tó jẹ́ pé funfun ni aṣọ máa ń jáde pẹ̀lú òjìji aró lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé àlejò ni, pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru ló ti wá, bíi ti ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ àdìrẹ. Pẹ̀lú irú orúkọ yẹn, ta ni ì bá rò ó?

Ìgbà kejì tí mo lọ, àwọn ìbejì ni mo tìtorí wọn lọ. Làpálàpá ló mú àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo fura sí. Ti Táyé wà lọ́rùn, ó ṣe róbótó bí owó kọ́bọ̀. Ti Kẹ́hìndé wà lórí, irun ibẹ̀ sì ti ń já. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá di ewé fún mi. Wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta, kí n gún un mọ́ ọṣẹ dúdú, kí n kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí apá ọmọ kan ná, kí n sùn, kí n jí, kí n wò ó bóyá ó wú. Kò wú.

Odó ata ni mo fi gún un, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀, torí ata tí mo gún tẹ̀lé e, òbúkọ ló ń run. Ewé náà kò le, kò pẹ́ tó fi di jẹ́lẹ́. Omi tó ń fún jáde dúdú díẹ̀ ju omi ewúro lọ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìka. Tí ó bá ti wọ inú ọṣẹ, òórùn rẹ̀ á rọlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọṣẹ náà á sì máa hó dáadáa. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo fi ń fọ ibẹ̀.

Ọrùn Táyé: ní ọjọ́ kẹrin, ó ti dẹ́kun yíyún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní láti wá ojú ibẹ̀ kí n tó rí i. Orí Kẹ́hìndé: òfo. Ó tún ń fẹ̀ sí i ni. Ọjọ́ tí mo bá Ìyá jà nìyẹn. Mo gbé ọmọ lọ, mo ṣí fìlà rẹ̀ láàárín ọjà, mo ní kí wọ́n wo ohun tí mo fowó rà. Wọn ò janpata. Wọ́n wo orí náà, wọ́n ní, "Tìẹ ni ẹjọ́ yìí. Ọrùn lo sọ fún mi, o ò sọ orí. Ti orí kì í gbọ́ ti ewé tèmi, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà." Mo rántí dáadáa, òtítọ́ ni, ọrùn nìkan ni mo mẹ́nu bà. Dókítà tó rí i ṣàlàyé fún mi pé làpálàpá orí máa ń wọ inú irun lọ dé ìdí rẹ̀, ohun tí a bá fi pa awọ kì í débẹ̀, oògùn gbígbé mì ni yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó jẹ ẹ́, irun sì ti hù padà. Ti ọrùn Táyé, mi ò lè búra pé ewé ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ọṣẹ tí mo ń fi fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yíyún yẹn dáwọ́ dúró, ọmọ sì sùn.

Ọ̀rọ̀ mímu ló jẹ́ kí n gba ti ìyá yìí pátápátá. Àwọn àgbà wa máa ń se imí eṣú fún ọmọ tí inú bá ń run tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n, torí bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú dà á láàmú nínú oṣù Agẹmọ, òun tó fi mí ṣẹ̀sín ló ní kí n bá òun ra ìdì kan wá láti mu. Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá, mo ní fún mímu ni. Wọ́n gba ewé padà lọ́wọ́ mi. "Mi ò tà á fún mímu mọ́. Ẹ̀dọ̀ ni yóò bá jà." Wọ́n ní kí ọkọ mi lọ ṣàyẹ̀wò.

Mo rò ó pé àgbàlagbà ni, ìbẹ̀rù ló mú wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Oró kan wà nínú imí eṣú, pyrrolizidine ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnu mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún mi nípa àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Tigray ní Ethiopia, tí ikùn wọn ń wú, tí àwọn mìíràn sì ń kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ìdí rẹ̀ títí, imí eṣú tó hù láàárín oko, tí èso rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọkà tí wọ́n ń jẹ, ni wọ́n nàka sí. Bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń rántí iye ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní àgbo rẹ̀ mu ní kékeré.

Ọmọ yìí kan náà ló sọ èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ ohun kan jáde lára ìbátan imí eṣú, wọ́n pè é ní precocene, imí eṣú tiwa náà sì ní in lára. Tí ó bá kan ọmọ àwọn kòkòrò kan, ọmọ náà á sáré di àgbà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, á rán, á sì yàgàn. Ewé tí a fi eṣú sọ lórúkọ ló tún ń ba ayé kòkòrò jẹ́! Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò lójú.

Mo fi èyí wé ti ọkùnrin kan tí mo ra àgbo lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nínú gáréèjì kan tí mi ò ní dárúkọ. Gbohùngbohùn ló fi ń polówó. Àrùn mọ́kàndínlógún ló kọ sára ìgò, láti orí jẹ̀díjẹ̀dí dé orí àìrọ́mọbí, kò sí nọ́ńbà NAFDAC kankan níbẹ̀. Náírà 1,500. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá kì í polówó. Ẹ ó bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ìgbà mìíràn ẹ ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, torí etí wọn ò gbọ́ dáadáa mọ́.

Ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé èèpo igi yọ̀ bọ́, ó sì ya ìka ìlábẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ bo ọwọ́. Ọmọbìnrin yẹn ti fẹ́ sáré wá imí eṣú, Ìyá ní, "Ewé Akíntọ́lá ni kí o mú wá." Ewé mẹ́rin péré, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí omi rẹ̀ fi jáde, wọ́n sì fún un sójú ọgbẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò tíì ka owó ṣẹ́ǹjì mi tán tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Wọ́n ní Akíntọ́lá ni ti ẹ̀jẹ̀ tútù, imí eṣú ni ti ara tó ń yún àti egbò kékeré tó ti pẹ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń pe ewé yẹn ní Awólọ́wọ̀. Igbó tó gbòde kan, tó bo oko gbogbo, tí kò ṣeé tu. Ní ìgbà tí Akíntọ́lá fi jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, láti 1959 dé 1966, tí òun àti Awólọ́wọ̀ sì di alátakò ara wọn, kálukú mọ ẹni tí òun fẹ́ fi bú. Mo bi Ìyá pé èwo ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní ọlọ́jà ni àwọn, àwọn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.

Ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ o. Ẹ má ra imí eṣú lílọ̀ tó wà nínú ọ̀rá, náírà 700. Òórùn rẹ̀ ti tán, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀, mo fi eyín kàn án wò. Ìpara tí wọ́n fi òrí pò, náírà 1,200, dára fún ẹsẹ̀ sísán, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa. Oòrùn mú un nínú báàgì mi, ó yọ́, ó sì ṣàn sára àdìrẹ oníbàárà kan, ọ̀pá méjì. Èmi ni mo san án. Mo sọ fún Ìyá, wọ́n káàánú mi, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, oko wọn lọ́nà Òdèdá ni wọ́n máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, tí wọn kì í fọ́n oògùn sí. Ohun tí mò ń san náírà 300 fún gan-an nìyẹn, ewé tí kò mu omi sódà mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ní ó lè di náírà 500, torí ó máa ń gbẹ dànù.

Ọṣẹ tí wọ́n ti gún ewé mọ́ ni ó dára jù nínú gbogbo ọjà wọn, náírà 800, ó sì máa ń tó mi lo fún oṣù kan. Mo ra méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi ti gba ọ̀kan, ó ní fún ẹ̀yìn òun ni.

Ẹ mú báàgì tiyín dání. Tí ẹ bá sì dé ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọbìnrin yẹn nìkan ló wà nídìí ọjà, ẹ wo òdòdó kí ẹ tó sanwó. Ó ti di yúnyún fún mi rí dípò imí eṣú. Òdòdó yúnyún, yẹ́lò ni, ewé rẹ̀ sì máa ń ha ọwọ́ bí fáìlì. Tí ẹ bá ti rí yẹ́lò, ẹ dá a padà.